Ta Lo Fi Ṣe Balógun?

Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá ti ń sún mọ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ọ̀kadà tó ń gbé wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà FUOYE, ì báà jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ì báà jẹ́ lórí ìlà níwájú oní-POS: "Ta lo fi ṣe balógun?" Ọ̀rọ̀ ogun kọ́. Ẹni tó ń béèrè fẹ́ mọ agbábọ́ọ̀lù tí ẹ fi ṣe olórí ikọ̀ yín nínú Fantasy Premier League, èyí tí gbogbo wa ń pè ní FPL, torí pé ìlọ́po méjì ni wọ́n máa ń ṣe pọ́ìntì ẹni yẹn. Bí ìdáhùn yín bá bọ́ sí i, ẹ di ọ̀ta. Bí kò bá bọ́ sí i, wọ́n á máa pè yín ní òpè títí di ọjọ́ Ajé, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe fún ara wọn nídìí ayò. Ìbéèrè kan náà wà ní Ìkọ̀lé, níbi tí ọgbà kejì FUOYE wà. Ó wà ní Ìdó náà, láàárín àwọn dókítà ọ̀dọ́ àti nọ́ọ̀sì.

Àwa tí a kọ èyí, kóòdù la ń kọ jẹun. A jẹ́ mọ́kànlá nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan: àwọn kan wà ní Ìkọ̀lé, àwọn kan wà ní Ọ̀yẹ́, ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ní Ìdó, ìyókù ti fọ́n ká sí Ìbàdàn, Èkó àti Amẹ́ríkà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ nípa eré yìí, ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì máa ń dá lé: ta ni ká rà, ta ni ká tà. A ò tíì rí ẹni tó jókòó tì í bí lámèyítọ́ ṣe ń jókòó ti ìwé, kó bi í pé: ta ló kọ ọ́, ojú wo ló fi ń wo ayé, kí ló rí, kí ni kò rí? Bẹ́ẹ̀, ìwé ni fántásì. Ó ń ka bọ́ọ̀lù fún wa, ó sì ń kọ́ wa bí àwa náà ṣe máa kà á. Èrò tiwa ni pé kò sí ibi tí a ti lè rí i kedere bí ìpele kò-mẹsẹ̀-ó-yọ, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lónìí, ilé ló ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí gírámà rẹ̀. Ọdún 2002 ni FPL bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń ṣe é lágbàáyé sì ti lé ní mílíọ̀nù 10. Wọ́n á fún yín ní mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn, owó orí afẹ́fẹ́ lásán, pé kí ẹ fi ra agbábọ́ọ̀lù 15, ẹ ò sì gbọdọ̀ mú ju 3 lọ nínú kílọ́ọ̀bù kan. Ẹni tó bá ti náwó lọ́jà Ìkọ̀lé rí mọ bó ṣe máa ń rí: tí ẹ bá fi gbogbo owó ra ẹran, owó ata ò ní kù. Àwa onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní orúkọ fún irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, "knapsack problem" la ń pè é, ìyẹn ìṣòro ẹni tó ní àpò kan ṣoṣo, tí ẹrù tó wù ú sì ju àpò lọ. Kọ̀ǹpútà lè yanjú rẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú, tí ẹ bá ti lè sọ fún un iye pọ́ìntì tí ẹ rò pé ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Kọ̀ǹpútà ò mọ bọ́ọ̀lù. Ohun tí ẹ bá kì sí i lẹ́nu náà ló máa pọ̀.

Pọ́ìntì wọ̀nyí ni gbólóhùn inú ìwé náà. Agbábọ́ọ̀lù tó bá lo 60 ìṣẹ́jú lórí pápá gba 2. Bí ọwọ́ iwájú bá gbá góòlù wọlé, ó gba 4. Ẹni àárín gba 5. Ọwọ́ ẹ̀yìn gba 6. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó gbá a wọlé gba 3. Bí ẹnikẹ́ni ò bá rí àwọ̀n wọn, aṣọ́lé àti ọwọ́ ẹ̀yìn gba 4, ẹni àárín gba 1. Bí góòlù 2 bá wọlé wọn, wọ́n á yọ 1 lára àwọn tó wà lẹ́yìn. Ó tán. Nǹkan díẹ̀ ṣì wà o, àmọ́ igi àràbà rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá fi gbólóhùn wọ̀nyí ka N'Golo Kanté. Ó gba líìgì pẹ̀lú Leicester ní 2016, ó tún gbà á pẹ̀lú Chelsea ní 2017. Lọ́dún kejì yẹn, àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn fìbò yàn án pé òun ló dára jù nínú gbogbo wọn. Góòlù tó gbá wọlé nínú líìgì ní sáà náà, ẹyọ kan péré. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó já gbà lẹ́sẹ̀ èèyàn, gbogbo ibi tó ti sáré dé kí ewu tó débẹ̀, ìwé yìí ò ní ọ̀rọ̀ fún un. Òótọ́ ni pé pọ́ìntì ẹ̀bùn díẹ̀ wà tó máa ń wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbá góòlù ló sábà máa ń kó o lọ. Lójú ẹni tó jẹ́ pé fántásì nìkan ló fi ń wo bọ́ọ̀lù, Kanté fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lórí pápá. Ìgbà tó di sáà 2025/26 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òfin kan kún un, pé ọwọ́ ẹ̀yìn tó bá gbá bọ́ọ̀lù dànù, tó dí i, tàbí tó já a gbà tó ìgbà 10 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan yóò gba 2. Ìgbà 12 ni ti ẹni àárín àti ọwọ́ iwájú. Ọdún mẹ́tàlélógún gbáko kí ojú òǹkọ̀wé tó là sí ẹni tó ń dènà!

Ohun kan tún wà tó jẹ́ pé àwa tó ń tú abẹ́ nǹkan wò ló sábà máa ń rí i. Dátà eré náà wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá mọ Python díẹ̀ lè fà á wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Nínú fáìlì yẹn, wọn ò pe agbábọ́ọ̀lù ní agbábọ́ọ̀lù. "Elements" ni wọ́n pè wọ́n, bí ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì kẹ́mísìrì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó sì ní "now_cost", iye tí wọ́n ń tà á lónìí. A mọ̀ pé bí àwa tó ń kọ kóòdù ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ nìyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ wa náà ni, a ò lè bínú jù. Àmọ́ orúkọ a máa ro èèyàn.

Gbogbo èyí ò tíì dùn wá dénú títí tó fi di oṣù Kìíní ọdún 2024. Ọjọ́ 13 oṣù náà ni ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, AFCON 2023, bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Líìgì àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò dúró de ẹnikẹ́ni. Alex Iwobi àti Calvin Bassey kúrò ní Fulham, Ola Aina kúrò ní Nottingham Forest, wọ́n lọ jẹ́ ìpè orílẹ̀-èdè wọn. Lójú FPL, kí ni wọ́n lọ ṣe? Wọn ò lọ ṣe nǹkan kan. Wọn ò kàn sí ni, bí ìgbà téèyàn dá lẹ́sẹ̀. Ìmọ̀ràn tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan nígbà yẹn ò ju kan lọ: ẹ tètè tà wọ́n. Àwa ọmọ Nàìjíríà wá ń ta ọmọ Nàìjíríà torí pé ó lọ sin Nàìjíríà. Ẹ gbọ́ ná! Nígbà tí AFCON míì tún dé ní oṣù Kejìlá 2025, FPL fún gbogbo èèyàn láyè pàṣípààrọ̀ 5 lọ́fẹ̀ẹ́, kó má bàa ni wọ́n lára láti kó àwọn ọmọ Áfíríkà dà sílẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn sí ẹ̀bùn náà. A ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí òǹkọ̀wé dúró sí tó fi rí ìdíje tiwa bí ìjàǹbá tó yẹ kí wọ́n fúnni ní owó ìtanràn lé lórí.

Ìgbà náà la pinnu pé a máa kọ fántásì tiwa, fún ìpele kò-mẹsẹ̀-ó-yọ AFCON nìkan. Ọ̀rẹ́ wa tó wà ní Dallas ló mú àbá wá. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti fà á wọ inú fántásì họ́kì orí yìnyín, èyí tí wọ́n fi igi gbá róbà dúdú pẹlẹbẹ. Nínú líìgì wọn, NHL, ikọ̀ 16 ló máa ń dé ìpele kò-mẹsẹ̀-ó-yọ, àwọn ikọ̀ méjì sì lè pàdé tó ìgbà 7: ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló ń tẹ̀síwájú. Fántásì tí wọ́n ń ṣe sí i, tojoojúmọ́ ni. Ẹ máa yan ikọ̀ yín kí eré alẹ́ yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ikọ̀ yẹn ti kú, ẹ tún máa yan òmíràn. Lórí DraftKings, èèyàn 9 ni ẹ máa fi owó àtẹnudá 50,000 dọ́là rà, aṣọ́lé sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ọgbọ́n tó wà nínú tiwọn dùn mọ́ wa. Nínú họ́kì, àwọn ọwọ́ iwájú mẹ́ta ló máa ń jọ wọlé, tí wọ́n á jọ jáde, wọ́n ò sì ń pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan kí àwọn mẹ́ta míì tó gba ipò wọn. Ní Dallas Stars, ìgbà kan wà tó jẹ́ Jason Robertson, Roope Hintz àti Joe Pavelski ló ń jọ ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe kì í mú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ó máa ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, torí bí góòlù kan bá wọlé, gbogbo wọn ló lè rí nínú rẹ̀. Ẹ sì wò ó, fún góòlù kan, ẹni méjì ni họ́kì lè kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún ìrànwọ́: ẹni tó gbé e fún un, àti ẹni tó gbé e fún ẹni tó gbé e fún un. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ò ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wa náà ló sọ ìtàn ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 2023 fún wa. Dallas pàdé Seattle, Pavelski sì gbá góòlù 4 wọlé lóun nìkan. Dallas fìdí rẹmi, 5 sí 4, nínú àfikún àkókò. Ẹni tó fi Pavelski sínú ikọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà sùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹni tó fẹ́ràn Dallas sùn pẹ̀lú ìrora. Ọ̀rẹ́ wa jẹ́ ẹni méjèèjì, ó sì ní ohun tó bá òun lẹ́rù ni pé ẹ̀rín ló pọ̀ jù.

A ronú sí ìyẹn gan-an. Ohun tí fántásì ojoojúmọ́ ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni ọ̀la. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan wò ó. Ẹ ní agbábọ́ọ̀lù méjì nígbà tó ku ikọ̀ 8. Ẹni àkọ́kọ́ lè fún yín ní pọ́ìntì 6 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ìdá 30 nínú 100 ni àǹfààní tí ikọ̀ rẹ̀ ní láti borí. Ẹnì kejì á fún yín ní 4, àǹfààní ikọ̀ tirẹ̀ sì jẹ́ 70. Bó bá jẹ́ tojoojúmọ́, kò sí àríyànjiyàn, ẹni àkọ́kọ́ ni ẹ máa mú. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ bá ẹni tí ẹ mú lọ títí ikọ̀ rẹ̀ á fi jáde tàbí tí wọ́n á fi gba ife, ẹni àkọ́kọ́ á mú 6 wá, àti 1.8, àti 0.54, àpapọ̀ rẹ̀ 8.34. Ẹnì kejì á mú 4 wá, àti 2.8, àti 1.96: 8.76. Ẹni tí ò tàn yòò, tó wà láàárín àwọn tó dúró ṣinṣin, ti borí. Ẹni tó ń ṣe tojoojúmọ́ ò ní rí èyí láé, torí kò sí ohun tó máa fi ṣe.

Òfin tí a kọ wá mú díẹ̀ níhìn-ín, ó mú díẹ̀ lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tí eré bá wà, kálukú á yan agbábọ́ọ̀lù 3, á fi ọ̀kan ṣe balógun. Pọ́ìntì FPL la máa lò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá ti lò lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò tún lè lò ó mọ́ títí ìdíje á fi parí. Bí àgbẹ̀ Ayédé ni gbogbo wa wá rí, tó ń wo iṣu inú abà, tó ń rò ó pé èwo ni kóun jẹ, èwo ni kóun fi ṣe ẹ̀bù. Ẹ lo Lookman lónìí, kò sí Lookman lọ́jọ́ àṣekágbá.

Kò tíì pé ọjọ́ kan tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Kìíní, Nàìjíríà na Cameroon 2 sí 0, Ademola Lookman ló gbá méjèèjì wọlé. Bó bá jẹ́ ọwọ́ iwájú, pọ́ìntì 10 ni. Bó bá jẹ́ ẹni àárín, góòlù kọ̀ọ̀kan á di 5, ẹ tún fi 1 kún un torí pé ẹnikẹ́ni ò rí àwọ̀n wa, 13 nìyẹn. Góòlù kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, alẹ́ kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé mọ irú ìjà yìí dáadáa: ṣé ìtàn kúkúrú ni àbí ìtàn àròsọ, ṣé ewì ni àbí orin? Ẹni tó bá pín in sí ìsọ̀rí ti dá a lẹ́jọ́ kó tó kà á. A fi í sí ọwọ́ iwájú, bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ikọ̀ Super Eagles. Ẹni tó wà ní Ìdó bá wa bínú fún ọjọ́ méjì.

Ti Victor Osimhen ló le jù. Nínú AFCON náà látòkèdélẹ̀, góòlù kan péré ló gbá wọlé, ìyẹn nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú Equatorial Guinea. Bẹ́ẹ̀, pẹnáritì tí William Troost-Ekong fi na Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní, Osimhen ni wọ́n gbé ṣubú. Èyí tó gbá wọ ilé South Africa ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, Osimhen náà ni wọ́n gbé ṣubú. Nínú àkọsílẹ̀ ìdíje, ẹni tó fa pẹnáritì kò rí nǹkan kan gbà, wọn kì í kà á sí ìrànwọ́. Ṣùgbọ́n nínú òfin FPL, ó gba 3 bí ẹlòmíràn bá gbá a wọlé. Ẹ rí i pé a kì í ṣe ọ̀tá FPL. Níbí yìí, òǹkọ̀wé rẹ̀ ríran ju akọ̀wé ìdíje lọ. Àwọn kan nínú wa ní ká tẹ̀ lé àkọsílẹ̀ ìdíje, àwọn kan ní rárá. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí kì í ṣe 3. Wọ́n ń jà lórí bóyá ẹni tó jìyà kí góòlù tó wọlé wà nínú ìtàn góòlù náà.

Ọjọ́ 7 oṣù Kejì yẹn, ọ̀pọ̀ wa tó wà ní Ọ̀yẹ́ jọ wà ní viewing centre kan, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, èèyàn kún dẹ́múdẹ́mú. A ti ń borí pẹ̀lú 1 sí 0, eré ti ń lọ sópin, Osimhen bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ilé mì. Ẹni tó fi í ṣe balógun ti ń ṣe ìlọ́po méjì lórí fóònù. Ni réfírì bá ń lọ wo VAR. Kì í ṣe pé wọ́n fagi lé góòlù náà nìkan, wọ́n tún fún South Africa ní pẹnáritì lódì kejì pápá, Teboho Mokoena sì gbá a wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, pọ́ìntì Osimhen lọ, pọ́ìntì àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn náà bá a lọ. Àwọn tó wà lórí fóònù ń pariwo lé Osimhen lórí bí ẹni pé ó jí wọn lówó. Bàbá kan wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ fántásì. Ó yíjú padà, ó ní: "Ẹ má bú ọmọ yẹn o. Látàárọ̀ ló ti ń sáré nítorí yín." Ká sọ òótọ́, lámèyítọ́ tó dára jù tí a gbọ́ lórí ìdíje náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá di gbé-e-sílẹ̀-gbá-a-sílé. Stanley Nwabali mú méjì, Kelechi Iheanacho gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé, a lọ sí àṣekágbá, 4 sí 2. Pọ́ìntì mélòó ni ti Nwabali? FPL ń fún aṣọ́lé tó bá mú pẹnáritì ní 5. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, Ronwen Williams ti South Africa ti mú 4 lọ́wọ́ Cape Verde. 20 pọ́ìntì, àbí òdo? Òfin tí wọ́n kọ fún líìgì ò mọ̀ pé gbé-e-sílẹ̀-gbá-a-sílé wà láyé, torí kò sí i nínú líìgì. Ohun tó ń mú kí ìpele kò-mẹsẹ̀-ó-yọ jẹ́ kò-mẹsẹ̀-ó-yọ gan-an ni kò sí nínú ìwé. Ẹ tún wo Emilio Nsue ti Equatorial Guinea: góòlù 5, kò sẹ́ni tó gbá tó o wọlé nínú ìdíje náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ìpele tiwa bẹ̀rẹ̀, ó pàdánù pẹnáritì níwájú Guinea, wọ́n sì lọ sílé. Òdo.

Ọjọ́ 11 oṣù Kejì, àṣekágbá, Abidjan. Àwọn tó ti ń fi Osimhen pamọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì mú un jáde, wọ́n fi ṣe balógun. Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 38, Ọ̀yẹ́ dún. Lẹ́yìn náà ni Franck Kessié dá a padà ní ìṣẹ́jú 62, Sébastien Haller sì pa wá ní ìṣẹ́jú 81. Simon Adingra ló gbé bọ́ọ̀lù méjèèjì kalẹ̀. Troost-Ekong gba pọ́ìntì 7 nínú eré tí a ti fìdí rẹmi, wọ́n tún yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní gbogbo ìdíje náà. Kò sẹ́ni tó yọ̀ mọ́ ọn nínú wa.

Ẹnì kan ti fi Adingra ṣe balógun. Ìkọ̀lé ló ń gbé, ọmọ Nàìjíríà gidi ni, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé lọ wo bọ́ọ̀lù. Ìrànwọ́ méjì, àti 2 fún ìṣẹ́jú tó lò, ó di 8, ìlọ́po rẹ̀ di 16. Òun ló gba ìdíje wa. Kò kọ nǹkan kan sínú ẹgbẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tó wá kọ ò ju "Ẹ má bínú" lọ.

Àwọn kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀, eré ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe eré tán. Tiwa ni pé kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ka ìwé náà dáadáa ju wa lọ ni: ó ti lo àwọn Nàìjíríà tó dára tán, ó wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Côte d'Ivoire ti ń gbógun wá, ó mú ẹni tó wà níbẹ̀. Ìrora tó wà nínú "Ẹ má bínú" yẹn la fi mọ̀ pé òfin wa ò burú. Fántásì tí kò bá ti lè mú kí ọkàn àti pọ́ìntì ẹni bá ara wọn jà, tó jẹ́ pé èèyàn kàn ń rẹ́rìn-ín lọ ni nígbà tí ikọ̀ rẹ̀ ń kú, irú rẹ̀ ti kúrò nínú bọ́ọ̀lù. Ìyẹn lẹ̀bi tí a dá fún tojoojúmọ́, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n inú rẹ̀.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi pamọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin 2006 tó de tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì yọ fántásì sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà yẹn sì ni àwọn ilé iṣẹ́ tojoojúmọ́ gbà wọlé. Títí di òní, wọ́n ń jiyàn pé ọgbọ́n ni, kì í ṣe tẹ́tẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé Òfin Lọ́tìrì Orílẹ̀-èdè ti 2005, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Òfin ò sì ṣàlàyé ibi tí ọgbọ́n parí sí fún ọmọ ogún ọdún. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni kálukú wa dá fún AFCON yẹn. Ọmọ FUOYE kan tó wà láàárín wa nígbà náà máa ń gbé orúkọ mẹ́ta tó bá yàn lọ ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù, torí ó ní òun ti ṣe ìṣirò rẹ̀ tán. Owó yàrá rẹ̀ ló bá a lọ. Ìṣirò rẹ̀ dára o, a yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo kéré jù fún ìṣirò èyíkéyìí láti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń gba owó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju òun lọ. A dá owó yàrá náà jọ. Láti ìgbà náà, kò sí owó nínú eré wa mọ́. Ẹni tó bá kẹ́yìn ló máa ra iyán fún ẹni tó bá gbégbá orókè, Ìkọ̀lé ni yóò sì ti jẹ ẹ́.

A ti tún òfin kọ. Ẹni tó bá fa pẹnáritì yóò gba 3, gbogbo wa fọwọ́ sí i. A yá tí họ́kì lò, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó gbé e fún ẹni tó gbá a wọlé yóò gba 1, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa padà wo fídíò lẹ́yìn eré, dátà ẹni náà ló sì máa jẹ. Ti aṣọ́lé tó bá mú bọ́ọ̀lù nínú gbé-e-sílẹ̀-gbá-a-sílé ni kò tíì lójú. Ìbò tí a dì kẹ́yìn, mẹ́fà ní kó gba 5, márùn-ún ní kó má gba nǹkan kan. Ẹni tó wà ní Ìdó ti ní kí a tún un dì.